Ààbò Kí Orúkọ Tó Dé: Dídá Ibà Lassa Mọ̀, Kíká A Lọ́wọ́ Kò àti Dídènà Rẹ̀ ní Zongo, Parakou

Àrùn àkóràn ni gbogbo àìsàn tí kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń fà, tí ó sì lè ti ara ènìyàn, ara ẹranko, omi tàbí oúnjẹ bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tí àwọn elétò ìlera ń ṣe lórí irú àrùn bẹ́ẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta: àkọ́kọ́ ni dídá àrùn mọ̀, èyí tí í ṣe wíwádìí títí a ó fi mọ ohun pàtó tí ó ń ṣe aláìsàn, ìkejì ni kíká àrùn lọ́wọ́ kò, kí ó má baà kọjá ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ti mú, ìkẹta ni dídènà rẹ̀, kí ó má tilẹ̀ ráyè wọlé rárá. Bí ìwé ṣe sábà máa ń tò wọ́n nìyí, ṣùgbọ́n àwọn àrùn kan wà tí ìtò yìí kò bá mu, nítorí pé láàárín ọjọ́ tí a ń wá orúkọ wọn kiri ni wọ́n ti ń ran àwọn tí ó ń tọ́jú aláìsàn. Ibà Lassa jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, ó sì ti jà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ẹkùn Borgou ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Parakou ti jẹ́ olú ìlú. Bí a bá gbé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ka àárín àdúgbò kan bíi Zongo tí ó wà ní Parakou, a ó rí i pé èyí tí ìwé kọ sí ẹ̀yìn ni ó yẹ kí ó ṣáájú: ààbò kò gbọdọ̀ dúró de orúkọ àrùn.

Zongo àti àwọn ọ̀nà tí ó wọ̀ ọ́

Zongo ni a ń pe àdúgbò àwọn oníṣòwò àlejò, pàápàá àwọn Haúsá àti àwọn Mùsùlùmí mìíràn, ní ọ̀pọ̀ ìlú láti Ghana títí dé Togo àti Benin. Parakou wà lójú ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò obì ń tọ̀ láàárín ilẹ̀ Gonja àti ilẹ̀ Haúsá ní ayé àtijọ́, nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí a ń ṣe bọ̀ láti Kútọnu sì dé ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ìlú náà di ibi tí ẹrù ti ń kúrò nínú ọkọ̀ ojú irin bọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Niger. Nítorí náà, èdè Dẹ́ńdì, Bàrìbá, Haúsá, Fúlàní àti Yorùbá ni a ń gbọ́ pọ̀ nínú ìlú náà, àwọn ènìyàn àti ẹrù kò sì dẹ́kun wíwọlé àti jíjáde. Ọ̀nà kan gba ìhà ìlà-oòrùn lọ sí Nikki àti sí ààlà Nàìjíríà, níbi tí àwọn Bàrìbá tí ó wà ní Borgou ti ń bá àwọn ìbátan wọn ní agbègbè Baruten ní Ìpínlẹ̀ Kwara ná ọjà, tí wọ́n ń fẹ́ra wọn, tí wọ́n sì jọ ń ṣe òkú àti ọdún. Ìwé àwòrán ilẹ̀ fi ààlà sáàárín wọn, ṣùgbọ́n aláìsàn tí ilé rẹ̀ wà ní etí ààlà níhà Kwara lè rí i pé ilé ìwòsàn Parakou tàbí ti Tchaourou ni ọ̀nà rẹ̀ rọ òun lọ́rùn ju ti Ìlọrin lọ.

Ọ̀nà wọ̀nyí ni ìtàn ibà Lassa ní Benin so mọ́. Ní ìparí ọdún 2014, àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní Tanguiéta, ní ẹkùn Atacora, ó sì mú lára àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Tchaourou, ìlú kan tí ó wà ní gúúsù Parakou ní ojú ọ̀nà Kútọnu, ohun tí ó sì ta àwọn aláṣẹ lólobó ni ibà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀, tí ó ń mú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, àwọn olùwádìí ka ènìyàn 20 tí àyẹ̀wò fìdí àrùn náà múlẹ̀ lára wọn, 10 nínú wọn sì kú. Ìdí pàtàkì tí ọwọ́ fi pẹ́ kí ó tó tẹ àrùn náà ni pé nígbà náà, a kò tíì ka Benin mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ibà Lassa ń gbé; dókítà kì í sì í tètè ronú kan àrùn tí ó gbà pé kò sí ní ilẹ̀ òun. Láàárín ìparí ọdún 2018 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, àrùn náà tún fara hàn ní Borgou, àwọn tí ó sì ti ìhà Kwara sọdá wá gba ìtọ́jú wà lára àwọn tí a rí i lára wọn.

Àrùn náà àti eku tí ó ń gbé e kiri

Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa ibà Lassa. Fáírọ́ọ̀sì jẹ́ irú kòkòrò àìrí kan tí ó kéré gan-an, tí kò lè dá gbé ara rẹ̀ dàgbà, àfi bí ó bá wọ inú ẹ̀yà ara ohun abẹ̀mí tí ó sì sọ ibẹ̀ di ibi tí yóò ti máa pọ̀ sí i. Orúkọ ìlú Lassa, ní ibi tí ó ti di Ìpínlẹ̀ Borno báyìí, ni a fi pè é, nítorí pé níbẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ìjọ míṣọ́nnárì kan, Laura Wine, ti ṣàìsàn ní oṣù kìíní ọdún 1969. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ni ó kú sí. Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú. Nọ́ọ̀sì kẹta tí ó tọ́jú àwọn méjèèjì náà kó o, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì yè é. Jordi Casals, onímọ̀ tí ó ṣàwárí fáírọ́ọ̀sì náà ní Yunifásítì Yale, kó o nínú yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ nọ́ọ̀sì tí ó yè é ni wọ́n sì fi tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá. Ní ọdún 1970, dókítà Jeannette Troup kú ní Jos lẹ́yìn tí ó kó àrùn náà níbi tí ó ti ń yẹ òkú ẹni tí àrùn náà pa wò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ó ti hàn gbangba pé ẹni tí ó fọwọ́ kan aláìsàn ni àrùn yìí ń tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pàápàá nígbà tí kò tíì mọ ohun tí òun ń fọwọ́ kàn.

Eku kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys natalensis ni ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri, ìwádìí tí a ṣe nígbà àjàkálẹ̀ kan ní Sierra Leone ní ọdún 1972 ni ó sì fi èyí hàn. Ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn eku yòókù lọ, ó lè bí tó ọmọ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í bẹ̀rù àtigbé inú ilé ènìyàn. Àrùn náà kì í ṣe é ní nǹkan kan, síbẹ̀ ó lè máa wà nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ènìyàn ń kó o nígbà tí ó bá jẹ oúnjẹ tí eku ti tọ̀ sí, tí ó bá fi ọwọ́ tí ó ní egbò nu ibi tí eku dọ̀tí sí, tí ó bá gbá eruku ilé tí ìtọ̀ gbígbẹ wà nínú rẹ̀ tí ó sì fà á símú, tàbí tí ó bá pa eku náà tí ó ń yan án jẹ. Láti ara ènìyàn sí ènìyàn, ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ìgbẹ́, èébì àti omi ara mìíràn ni ó ń gbà. Ẹni tí kò tíì ní àmì àìsàn kankan kì í ran ẹlòmíràn, kíkí ènìyàn lásán tàbí jíjókòó nítòsí rẹ̀ nínú mọ́sáláṣí kò sì tó láti kó o.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Láti ọjọ́ tí fáírọ́ọ̀sì náà wọ ara títí di ọjọ́ tí àmì rẹ̀ yóò yọ, ó lè tó ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 21. Èyí ni àkókò ìlúgọ, nítorí pé àrùn ti wà nínú ara ṣùgbọ́n kò tíì fi ara hàn. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó kó o, bí mẹ́jọ ni kò ní rí ju ara gbígbóná àti ẹ̀fọ́rí díẹ̀ lọ, tàbí kí wọ́n má rí nǹkan kan rárá. Nínú àwọn ìyókù, ibà náà ń gun díẹ̀díẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ń dun aláìsàn, àyà àti ẹ̀yìn ń ro ó, ó ń bì, ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Bí ó bá le, ojú rẹ̀ a wú, ẹ̀jẹ̀ a máa yọ ní imú tàbí ní èrìgì, ọkàn rẹ̀ a sì dàrú. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn, nítorí náà ẹni tí ó bá ní òun yóò rí ẹ̀jẹ̀ kí òun tó fura yóò pẹ́ jù. Ní gbogbo ibi tí àrùn náà wà, a ṣírò pé ìdá 1 nínú 100 àwọn tí ó kó o ni ó ń kú, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ó le débi tí a dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn, ó ń tó 15 nínú 100.

Ìṣòro tí ó ga jù lọ fún nọ́ọ̀sì tí ó jókòó sí ilé ìwòsàn àdúgbò ni pé gbogbo àmì ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí bá ti ibà tí ẹ̀fọn ń fà mu, wọ́n sì bá ti tífọ́ìdì mu. Àyẹ̀wò kíákíá tí a ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe fún ibà ẹ̀fọn kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà tán. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní agbègbè náà ni kòkòrò ibà ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ wọn láìṣe wọ́n ní nǹkan; lẹ́yìn èyí, èròjà tí púpọ̀ nínú àwọn àyẹ̀wò náà ń wá lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ibà ti lọ. Nítorí náà, aláìsàn tí àyẹ̀wò rẹ̀ sọ pé ó ní ibà ẹ̀fọn lè ní ibà Lassa pẹ̀lú. Ohun tí ó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ jù lọ ní ìpele yìí ni bí ara ṣe gba oògùn sí: ẹni tí ó ti lo oògùn ibà dáadáa, tí ó sì ti lo oògùn apakòkòrò, tí ara rẹ̀ ṣì ń gbóná ju ìwọ̀n 38 lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ti di ẹni tí a gbọ́dọ̀ fura sí.

Ìfura yìí kò lè pé láìsí ìbéèrè. Níbo ni aláìsàn ti sùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn? Ṣé ó lọ sí etí ààlà, tàbí ó gba àlejò láti ibẹ̀? Ṣé ó tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí ó wà níbi tí wọ́n ti wẹ òkú? Ṣé eku pọ̀ nínú ilé tàbí nínú ìsọ̀ rẹ̀? Ní Zongo, níbi tí oníṣòwò lè ti sùn ní ìlú mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìbéèrè wọ̀nyí níye lórí ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìtumọ̀ bí a kò bá bi aláìsàn ní èdè tí ó gbọ́. Ẹni tí a bá fi èdè Faransé bi léèrè ìrìn àjò rẹ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè ni, kí ó sì sẹ́; bí a bá fi Dẹ́ńdì tàbí Haúsá ṣàlàyé fún un pé ìtọ́jú rẹ̀ ni ìdáhùn náà wà fún, òtítọ́ á tètè jáde.

Ilé àyẹ̀wò nìkan ni ó lè fìdí àrùn náà múlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni a ń fà sínú ìgò kékeré, a ó dì í sínú àpò mẹ́ta tí ó wà nínú ara wọn kí ó má baà dà sí ẹnikẹ́ni lára, a ó sì fi í sínú òtútù ránṣẹ́. Ní ìgbà kan, Nàìjíríà ni Benin ń fi irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ní báyìí, ilé àyẹ̀wò kan wà ní Kútọnu tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ibà tí ó ń mú ẹ̀jẹ̀ dà. Àyẹ̀wò tí a fọkàn tán jù lọ ni PCR, èyí tí ó ń wá jínì fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń sọ ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó bá rí di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún kí ẹ̀rọ lè kà á. Àyẹ̀wò mìíràn wà tí ó ń wá àwọn èròjà tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè láti bá fáírọ́ọ̀sì náà jà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí kì í tètè yọ, nítorí náà wọ́n wúlò jù fún mímọ ẹni tí ó ti ní àrùn náà rí.

PCR náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Fáírọ́ọ̀sì Lassa kò rí bákan náà láti ilẹ̀ dé ilẹ̀: irú èyí tí ó jà ní Benin ní ọdún 2014 àti 2016 jọ èyí tí a rí ní Togo, ó sì yàtọ̀ gan-an sí èyí tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní Nàìjíríà àti ní Sierra Leone. Bí a bá fi ohun èlò tí a ṣe fún irú kan wá irú mìíràn, àyẹ̀wò lè sọ pé kò sí àrùn nígbà tí ó wà. Bákan náà, ẹ̀jẹ̀ tí a fà ní ọjọ́ kìíní ibà lè má tíì ní fáírọ́ọ̀sì púpọ̀, ìdí nìyí tí a fi ń tún un fà bí àmì àìsàn bá ṣì ń fúnni ní ìfura. Láti Parakou dé Kútọnu ju irínwó kìlómítà lọ. Bí ọkọ̀ tilẹ̀ yá, tí àyẹ̀wò sì yára, aláìsàn gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú láàárín ìgbà náà, ẹnìkan ni yóò sì fọwọ́ kàn án.

Bí a ṣe ń ká a lọ́wọ́ kò

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni yíya aláìsàn sọ́tọ̀ láti ìgbà tí ìfura bá ti wọlé. Yàrá tirẹ̀ ni yóò wà, ilé ìgbẹ́ tirẹ̀ ni yóò lò, a ó sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó bá wọlé tọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì yóò wọ ìbọ̀wọ́, aṣọ ìdáàbòbò, ìbòmú àti ohun tí ó bo ojú. Bíbọ́ wọn sì ṣòro ju wíwọ̀ wọn lọ, nítorí ìgbà tí a bá ń bọ́ aṣọ tí ó ti dọ̀tí ni ọwọ́ ń ṣèèṣì kan ojú. Abẹ́rẹ́ tí a bá ti lò kò gbọdọ̀ padà sínú ọmọrí rẹ̀, inú àpótí líle ni a ń sọ ọ́ sí tààrà. Omi oníkílórínì, èyí tí àwọn ará Benin mọ̀ sí javel, ni a ń pò ní ọ̀nà méjì: èyí tí ó ní ìdá 0.5 nínú 100 wà fún ilẹ̀, ibùsùn àti ibi tí ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì bá dà sí, èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí ó jẹ́ ìdá 0.05 nínú 100, sì wà fún ọwọ́. Ẹni tí ó bá pa méjèèjì pọ̀ yóò bó ara rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí kí ó fi kòkòrò sílẹ̀ láàyè lórí ilẹ̀.

Ìtọ́jú tí ó gba ẹ̀mí là jù lọ ni dídá omi ara padà, fífún aláìsàn ní afẹ́fẹ́ bí mímí bá ṣòro, àti títọ́jú kíndìnrín rẹ̀. Oògùn kan wà tí a ń pè ní ribavirin. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1986 láti Sierra Leone fi hàn pé láàárín àwọn tí àrùn náà le lára wọn, tí a fa oògùn náà sí ní iṣan láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ ibà, nǹkan bí 5 nínú 100 ni ó kú, nígbà tí ó tó 26 nínú 100 láàárín àwọn tí a fún lẹ́yìn ọjọ́ náà. Àwọn onímọ̀ ìgbà ìsinsìnyí ń tún ìwádìí náà yẹ̀ wò nítorí bí a ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé títètè dé ilé ìwòsàn ń ṣe aláìsàn ní àǹfààní púpọ̀. Aboyún ni a gbọ́dọ̀ tètè gbé jù lọ, nítorí pé bí àrùn náà bá mú un ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn oyún, a ń pàdánù ìyá tàbí ọmọ nínú èyí tí ó ju 80 lọ nínú 100. Àwọn tí ó yè é náà lè ru àbùkù rẹ̀: bí ìdámẹ́rin wọn ni etí wọn ń di, ìdajì nínú àwọn wọ̀nyí nìkan ni ó sì ń gbọ́ràn padà díẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan sí mẹ́ta.

Nígbà tí àyẹ̀wò bá fìdí àrùn múlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ sí ìgboro. A ó kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ó fara kan aláìsàn láti ọjọ́ tí ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gbóná: ẹni tí ó fọ aṣọ rẹ̀, ẹni tí ó dà á ní omi wẹ̀, ẹni tí ó bá a sùn lórí ẹní kan náà, ẹni tí ó fún un ní abẹ́rẹ́, àti awakọ̀ tí ó gbé e nígbà tí ó ń bì. Òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò yóò máa wọn ìgbóná ara wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 21, nítorí pé iye ọjọ́ tí àrùn náà lè fi lúgọ nìyẹn. Bí ọjọ́ náà bá pé tí ara kò gbóná, wọ́n ti bọ́. A kì í ti olùfarakàn tí ara rẹ̀ dá mọ́lé, ó lè máa bá òwò rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rin ìrìn àjò lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Èyí ni ó nira jù ní Zongo, nítorí pé ìrìn àjò ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àkọsílẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Parakou sì lè ní láti dé Malanville, Djougou tàbí ìhà kejì ààlà ní Kwara. Àwọn aláṣẹ ìlera orílẹ̀-èdè méjèèjì gbọ́dọ̀ máa fi orúkọ àti ọjọ́ ránṣẹ́ sí ara wọn láìfi falẹ̀.

Ìsìnkú gba ọ̀wọ̀ àti ọgbọ́n. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, wíwẹ òkú jẹ́ ẹ̀tọ́ tí àwọn alààyè jẹ òkú, ṣùgbọ́n ara ẹni tí ibà Lassa pa ṣì ní fáírọ́ọ̀sì púpọ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ Ebola ní ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé bá àwọn aṣáájú Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jókòó láti ṣe ìlànà ìsìnkú tí kò ní tàbùkù òkú, tí kò sì ní pa alààyè, wọ́n sì fi tàyámọ́mù, ìyẹn ìwẹ̀nùmọ́ láìlo omi, sínú rẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí. Kíkírun sí òkú kò ní ìdíwọ́ kankan. Ohun tí ó ń fa ìjà ni kí òṣìṣẹ́ ìlera gbé òkú lọ láìbá ẹbí sọ̀rọ̀. Níbi tí ìmáàmù bá ti kọ́kọ́ ṣàlàyé, tí ẹbí sì dúró ní ọ̀ọ́kán tí wọ́n ń wo gbogbo rẹ̀, kì í sábà sí ẹni tí yóò lọ sin òkú ní ìkọ̀kọ̀ ní òru.

Bí a ṣe ń dènà rẹ̀

Dídènà bẹ̀rẹ̀ níbi tí oúnjẹ wà. Ibà Lassa ń pọ̀ jù láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, tí a ti kórè oko tán, tí a sì ń dáná sungbó. Eku tí kò rí oúnjẹ nínú oko mọ́ a wá a wọ ilé. Ní àkókò yìí kan náà ni àwọn ará Borgou ń sá iṣu tí a ti bọ̀ fẹ́rẹ́, èyí tí a ó lọ̀ di èlùbọ́, sínú oòrùn, tí àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀wà sì ń kún inú àká àti ìsọ̀. Iná ń pa fáírọ́ọ̀sì Lassa, nítorí náà àmàlà tí ó jinná kò léwu. Ewu wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣa iṣu náà, tí ó ń dà á sínú àpò, tí ó ń gbá eruku ìsàlẹ̀ ìsọ̀, àti nínú oúnjẹ bíi gààrí tí a lè fi omi tútù rẹ láìgbé e kaná. Sísá a sórí ohun tí ó ga kúrò nílẹ̀, kíkó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí òru ni eku ń jẹ̀, àti dídà á sínú dúrọ́ọ̀mù tàbí ike tí ọmọrí rẹ̀ dé dáadáa ni ó ń gé ọ̀nà yìí kúrò. Àpò ọ̀rá lásán kò tó, eku á fi eyín lu ú.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni eku. Dídí ihò ìsàlẹ̀ ògiri àti abẹ́ ilẹ̀kùn, kíkó ìdọ̀tí jìnnà sí ilé, àti sísin ológbò wúlò, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìtumọ̀ bí ilé kan ṣoṣo bá ń ṣe é nínú agbo ilé tí yàrá rẹ̀ so mọ́ra, nítorí pé eku tí a lé ní yàrá kan á kọjá sí èkejì. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà fi jẹ́ ti olórí àdúgbò, ti ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ọkà àti ti àwọn obìnrin agbo ilé lápapọ̀. Ilẹ̀ tí eku ti dọ̀tí sí ni a kọ́kọ́ ń fi omi oníkílórínì rẹ kí a tó nù ún, a kì í gbá a ní gbígbẹ. Kò sì yẹ kí a fi eku ṣe ẹran jíjẹ, bí ó ti wù kí ó ṣe gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé ní oko.

Títí di ìsinsìnyí, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà Lassa tí a ti fọwọ́ sí fún gbogbo ènìyàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń dán àwọn kan wò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Èyí ya ibà Lassa sọ́tọ̀ sí àrùn yírùnyírùn, èyí tí ó ń mú awọ tí ó bo ọpọlọ, tí ó sì jẹ́ àrùn ìgbà ọyẹ́ mìíràn ní àríwá Benin. Ní ọdún 2012, wọ́n gún àwọn ará àríwá Benin ní abẹ́rẹ́ àjẹsára MenAfriVac tí ó ń dènà irú A àrùn náà, irú A yìí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá láti ìgbà náà ní àwọn ilẹ̀ tí ó lo abẹ́rẹ́ yìí. Àrùn tí kò ní irú apata bẹ́ẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ìwà ojoojúmọ́ nínú ilé, nínú ìsọ̀ àti nínú ilé ìwòsàn.

Nínú ilé ìwòsàn pàápàá, ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń tẹnu mọ́ ni pé kí òṣìṣẹ́ lo ìṣọ́ra kan náà fún gbogbo aláìsàn, ohun yòówù kí a rò pé ó ń ṣe wọ́n: fífọ ọwọ́ kí a tó fọwọ́ kan ẹnìkan àti lẹ́yìn rẹ̀, wíwọ ìbọ̀wọ́ níbi tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara bá wà, lílo abẹ́rẹ́ kan fún ẹnìkan. Ilé ìwòsàn tí ó ń pa èyí mọ́ lè gba ẹni tí ó ní ibà Lassa wọlé fún ọjọ́ mẹ́ta láìmọ̀, kí òṣìṣẹ́ kankan má sì kó o. Ilé ìwòsàn tí ó ń dúró de èsì Kútọnu kí ó tó wọ ìbọ̀wọ́ yóò gba èsì náà pẹ̀lú orúkọ òṣìṣẹ́ tirẹ̀ lára àwọn aláìsàn, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Tanguiéta àti ní Tchaourou.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n, ti ibà Lassa sì ní oṣù tirẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti dá tí ọyẹ́ kò tíì mú, ni ó yẹ kí àwọn aláṣẹ ìlera Parakou ti ka iye ìbọ̀wọ́ àti javel tí ó wà ní ilé ìwòsàn àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yan yàrá tí a ó fi ya aláìsàn sọ́tọ̀, kí wọ́n sì fi ìbéèrè ìrìn àjò sínú ìwé tí nọ́ọ̀sì ń kọ fún gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ gbóná. Oṣù yẹn náà ni rédíò yẹ kí ó máa sọ ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù olómọrí ní Dẹ́ńdì, ní Bàrìbá, ní Haúsá, ní Fúlàní àti ní Yorùbá, kí àwọn ìmáàmù sì ti mọ ohun tí wọn yóò sọ nípa wíwẹ òkú kí òkú kankan tó wà nílẹ̀. Bí a bá ti ṣe gbogbo èyí, nígbà tí èsì àyẹ̀wò bá fi máa ti Kútọnu dé, iṣẹ́ tí ó kù fún un kò ní ju kí ó sọ oògùn tí aláìsàn yóò lò àti àwọn tí a ó máa bẹ̀ wò fún ọjọ́ 21.